Nítorí Kántà Tí Mo Fẹ́ Gùn Nírọ̀lẹ́ Òní

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ sì fara da ọ̀rọ̀ mi tó ń fà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà.

Èmi, Earlene Gaddis Tolliver ti ìlú Newark, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé Roscoe tó ń tẹ dùùrù, kéde pé orí mi pé bí mo ṣe ń kọ ìwé ìhágún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe kò jọ ti ẹni tórí rẹ̀ pé. Cleophus, tó ń fun fèrè sakisofóònù fún ẹgbẹ́ olórin wa, ṣubú láti orí kántà ilé ọtí ní Sátidé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Èmi nìkan ló kù tó lè fun fèrè náà. Láyé bàbá mi, ṣe ni àwọn afunfèrè ń jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn akọrin. Báyìí, fèrè ló wà níwájú, ó sì gbọ́dọ̀ ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, kí orin búlúùsì tó lè mú èèyàn fò. Ọ̀gbẹ́ni Pettigrew tó ni ilé ọtí sọ fún ọkọ mi pé, "Fèrè tí kò bá rìn lórí kántà, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí ìyàwó rẹ ò bá gùn ún lónìí, ẹ kó ẹrù yín, mo ti rí ẹgbẹ́ mìíràn." Nítorí náà, mo fẹ́ rìn láàárín ìgò bíà, kí n máa fun fèrè, kí n sì máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ẹnu méjì ni mo ní.

Èkíní: Fèrè bàbá mi di ti Cleophus. Òun ló sọ pé, "Ìwọ kẹ̀? Èémí rẹ ò lè pa àbẹ́là!" Mo fun ohùn kan ṣoṣo, mo fà á títí ẹja díndín fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dákú, àmọ́ ìyẹn ò kan ìwé yìí.

Èkejì: Àwọn adìẹ mi di ti Roscoe. Bí ó bá ń tẹ dùùrù, wọ́n á yé ẹyin; bí mo bá fọn fèrè, wọ́n á sá. Kó má tètè fẹ́ ẹlòmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin ẹlẹ́rìí, ẹ má ka ibẹ̀ yẹn sókè.

Ẹ̀kẹta: Bàtà gogoro tí mo fi ṣègbéyàwó, tí mo máa wọ̀ gun kántà, di ti ìyá ọkọ mi. Láti Ọjọ́ Ajé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá mi sọ: "Ìyàwó ilé wo ló ń gun kántà?" Lọ́sàn-án yìí ni mo yí bàtà náà wò, ẹnìkan ti lẹ sáńpépà mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Mo wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Má wò mí o. Mi ò ní kí o lọ. Mi ò kàn fẹ́ kí gbogbo Newark rí abẹ́ aṣọ rẹ ni."

Ẹ̀kẹrin: Àwọn ẹlẹ́rìí ti fọwọ́ sí i kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, torí wọ́n fẹ́ lọ to ìlù. Roscoe ní bí èmi fúnra mi ò bá fọwọ́ sí i, ìwé lásán ni. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i báyìí, àmọ́ ìyá ọkọ mi ti ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ti dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, pé ìdí kántà gan-an làwọn fúnra àwọn máa jókòó sí, bí mo bá sì fẹ́ ṣubú, kí n rí i pé mo ṣubú sí itan àwọn, kí n má...

Ìbuwọ́lù: ....................

Newark, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta, 1949.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Alonzo Deveaux, onílù
Wendell Scruggs, oníjìtá ńlá