Lẹ́tà Yín Ni A Fi Lo Ìgbà Òtútù

Ilé Pruden,
Etí odò Connecticut,
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọdún 1809.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Fenwright, ọ̀rẹ́ wa àtijọ́,

Mo kí yín láti ìlú òtútù wa dé Virginia yín. Mo ní ìrètí pé ara yín le, pé orúnkún tó máa ń dà yín láàmú ní Philadelphia ṣì ń gbé yín rìn káàkiri oko. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ Asahel ni ẹ ń wá lórí ìwé yìí, ẹ forí jì mí. Èmi Mehitabel ni mo kọ ọ́. Ọkọ mi papòdà ní ìparí oṣù Kẹta. Kò jẹ̀rora. Ó kàn ń sùn gùn sí i lójoojúmọ́ ni, títí ó fi sùn tí kò jí mọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ nínú ìwé ìròyìn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó tún ku ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Láti ìgbà ìkórè ni ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ó ní kí n gbé àpótí tí lẹ́tà yín wà nínú rẹ̀ wá. Ẹnu yà mí. Ẹ rántí ọdún ìbò tó ya ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹ fi orúkọ ará Róòmù kan bojú nínú ìwé ìròyìn, tí ẹ pe gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tiwa ní ẹrú Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ rárá kí Asahel tó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ó ní, “Ta ló tún lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo bínú tó báyìí láìmí?” Ó ká ìwé náà, kò sì kọ̀wé sí yín mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà kò kọ. Láti ìgbà náà kò dárúkọ yín nínú ilé yìí, àfi lọ́jọ́ yìnyín yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti jẹun àárọ̀ tán, màá jókòó nídìí iná, màá sì máa ka lẹ́tà yín sí i létí. Ẹ ò mọ bó ṣe ń bá yín jà. Mo kà á dé ibi tí ẹ ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun títí wọn yóò fi kọ ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú sínú rẹ̀, ni ó bá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. “Ambrose, o fẹ́ ká máa to àga sínú ilé tí a ò tíì bò lórí!” Èmi ni mo dá a lóhùn fún yín. Mo ní, “Asahel, ta ló fẹ́ sùn nínú ilé tí kò nílẹ̀kùn?” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní èmi náà ti di ará Virginia.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, ṣé ẹ máa ń rántí ilé opó Yarnell tí gbogbo wa wọ̀ sí ní Philadelphia? Ooru ẹ̀ẹ̀rùn, eṣinṣin lórí tábìlì, àti itan ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ gbé wá láti ilé, tí Asahel ní kò tó ẹja oníyọ̀ tiwa. Ẹ̀yin méjèèjì á máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jiyàn lé lórí nílé ìgbìmọ̀ látàárọ̀, opó á sì máa kó àwo kúrò níwájú yín láìbéèrè bóyá ẹ ti yó. Mo máa ń jókòó nídìí fèrèsé pẹ̀lú aṣọ tí mò ń rán, tí màá máa dibọ́n pé mi ò gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Inú mi kò tíì tún dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun Ọba lè so yín kọ́ nígbàkigbà.

Ní oṣù Kejì, Lemuel ọmọ wa wá bá wa. Ó ń du ipò nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, atẹ̀wé ẹgbẹ́ tiwa sì ti gbọ́ pé lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ wa. Èyí tí ẹ kọ láti York, ìlú tí ìgbìmọ̀ sá lọ nígbà ogun, ni wọ́n ń wá, nígbà òtútù burúkú yẹn tí àwọn ọmọ ogun wa ń rìn láìní bàtà, tí ẹ kọ ọ́ pé bóyá ó ti tó àkókò láti bẹ Ọba fún àlàáfíà. Lemuel ní bí àwọn bá tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo orílẹ̀-èdè yóò rí irú àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ yín, òun yóò sì wọlé. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ mọ̀. Ó kàn fẹ́ wọlé ni.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí Ambrose, kí ó fi èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà ránṣẹ́. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀.”

Lemuel béèrè ohun tó wà nínú èsì náà.

“Mo ní mo ti ń rò ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá, ọmọ mi. A sọ ọ́ fún ara wa kí a má baà sọ ọ́ níta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Inú bí Lemuel. Ó lọ láìjẹun, kò sì mú lẹ́tà náà lọ. Ìbò dé, kò wọlé, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwa la já a kulẹ̀. Ó dùn mí. Gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó ni Asahel ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni Lemuel tún yọjú sí wa. Ohùn mi ti há nítorí òtútù, ni ó bá gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó ń kà á. Ó dé ibi tí ẹ ti béèrè pé, “Báwo ni ọmọkùnrin tó gun ẹṣin mi kí ó tó lẹ́sẹ̀?” Ó dúró. Ó ní, “Ta nìyí?” Mo wá sọ fún un: lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun Ọba ń wọ Philadelphia, tí gbogbo wa ń sá, oyún rẹ̀ wà nínú mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé mi gun ẹṣin yín, ẹ sì fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ títí a fi sọdá odò. A kò sọ ọ́ fún un rí. Ó ka lẹ́tà náà tán, láti ọjọ́ náà òun ló sì ń ka ìyókù títí Asahel fi lọ.

Lẹ́tà tó gbọ́ kẹ́yìn ni èyí tí ẹ kọ nígbà tí ogun parí. Ẹ ṣèlérí níbẹ̀ pé ẹ ó tú àwọn tí ẹ fi ṣẹrú lóko yín sílẹ̀, nítorí pé ẹ kò lè jà fún òmìnira kí ẹ sì dá a dúró lẹ́nu géètì yín. Asahel gbé orí sókè. “Ṣé ó ti ṣe é?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Bi í. Bí kò bá tíì ṣe é, sọ fún un pé kó ṣe é. Mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti bá a jiyàn.” Mo rántí Harry, ìránṣẹ́ yín. Òun ló di okùn ẹṣin náà mú lọ́jọ́ ẹrẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà kankan.

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ọjọ́ alẹ́ tó tutù, kí ó fi ọ̀rẹ́ tó ń sọ òótọ́ yí yín ká, kí ó sì jẹ́ kí ẹ parí ohun rere tí ẹ fẹnu ara yín bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ìyàwó ọ̀rẹ́ yín, tó ṣì ń pè yín ní ọ̀rẹ́,
Mehitabel Pruden.

Mo gbàgbé láti sọ: Lemuel ń béèrè bóyá ẹ ó fún òun lésì bí òun bá kọ̀wé sí yín. Ó ní kò sí ohun kan nínú òṣèlú yín tí òun fara mọ́. Mo sọ fún un pé ìyẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ kọ.