Síìmù Kejì Ló Ń Jẹ Bátìrì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì tó ń wo ojú mi ní kí n máa sọ ohun tí mo bá rí lójoojúmọ́, kí ẹnì kan máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Tòní rèé: mo rí ilẹ̀kùn. Mo rí ènìyàn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àga.

Àbúrò ìyàwó mi obìnrin ló ń kọ̀wé yìí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gègé ni mo ń pè é. Èmi ò mọ̀wé, ògiri ni mo fi ogójì ọdún mọ. Mo ní bí mo bá bú ènìyàn, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní kọ èébú. Mo ní kó kọ ọ́ pé ó kọ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ilé ìwòsàn yóò pè mí lórí fóònù láti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣí awọ funfun tó bo ojú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń pe ènìyàn. Bí o ò bá gbé e, wọ́n á fi àyè rẹ fún ẹlòmíràn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń pè. Fóònù mi kì í rí ọ̀sán. Iná kì í dé àdúgbò yìí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá yọ ọ́ lẹ́nu iná láàárọ̀, agogo méjìlá ò ní lù kó tó kú. Alájẹkì ni!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Gègé ní kí n fún ilé ìwòsàn ní nọ́ńbà òun. Mo bi í pé ojú ta ló ń fọ́?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ilẹ̀kùn. Fóònù kú ní agogo mọ́kànlá. Kò sí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Gègé lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọjọ́ méjì ni kò fi sí nílé. Mo dá ọgbọ́n tara mi. Mo ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fa òkè fóònù wálẹ̀, tí wọ́n ń tẹ àwòrán wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Èmi náà fà á. Mo tẹ ọ̀kan. Bátìrì ò lọ mọ́! Ó lo Ọjọ́bọ̀, ó lo ọjọ́ Ẹtì, ó ṣì wà láàyè. Mo ń yan kiri nínú yàrá bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Gègé dé lónìí, ó wo fóònù, ó jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ òfurufú lẹ tẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú ló ń tẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè pè é. Láti ìjẹta lẹ ti wà lójú ọ̀run. Níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní mo ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ̀rín tán.

Ó tún un tẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ti pè lánàá. Ẹ̀ẹ̀kan ti lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Dókítà Bátìrì ni mo sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó ní, "Bàbá, fáìfù jí lẹ ní kí fóònù yín máa wá. Kò sí fáìfù jí ládùúgbò yìí. Ẹ rán an níṣẹ́ tí kò lè jẹ́, ó sì ń sáré kiri." Ó dá a padà sí fọ́ọ̀ jí. Ó pa dátà. Ó ní kí ló dé tí ojú fóònù mọ́lẹ̀ tó báyìí? Mo ní kí wọ́n lè máa rí i pé ojú kan ṣì ń ríran nínú àwa méjèèjì.

Ló bá ní, "Ta ló ni síìmù kejì yìí? Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ti pa á. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀, ó ń wá a tọ̀sán-tòru, kò sì ní rí i láéláé. Ẹ jẹ́ kí n ti àyè rẹ̀ pa."

Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ìyàwó mi ló ni ín.

Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn."

Mo ní ó pé ọdún méjì tó ti kú. Ó gba fóònù, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó nù ún títí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó sàn díẹ̀. Agogo méjì ni fóònù tó kú. Agogo mẹ́ta ni ilé ìwòsàn pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìjà. Gègé ju bírò sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, síìmù ẹni tó ti kú lẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ fọ́jú?"

Mo ní kó gbé bírò, kó kọ ohun tí mi ò sọ rí.

Aránṣọ nìyàwó mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn oníbàárà ń pe nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù mi. Mo ń gbé e. "Ó ti kú. Wá aránṣọ mìíràn." Ọ̀kan ní ẹ̀wù òun ńkọ́? Mo ní ó ti ní apá ọ̀tún, kó máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi jáwọ́. Ó wá ku ẹnì kan. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á dún lẹ́ẹ̀mejì, á gé. Mi ò lè ka nọ́ńbà, mi ò mọ ẹni náà. Mi ò gbé e rí. Mo kàn ń jókòó dè é. Ó dé ibi tí mo ń wẹ̀, tí mo ń wọ aṣọ mímọ́ nítorí agogo fóònù. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ pa láìnì náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tó fi í pe ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀síbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ nínú fóònù. Bí mo bá tì í pa, níbo ni ẹni yẹn yóò ti rí wa?

Mi ò gbọ́ ìró bírò mọ́. Mo ní kó kọ ọ́.

Ó ní, "Èmi ni."

Mo ní ìwọ ni kí ni?

"Kí n tó kó wá síbí, èmi ni mò ń pè. Ọjọ́ Àìkú lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi á ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí. Bó bá dún, mo máa gé e."

Mo ní kí ló dé tí o ò dúró kí n gbé e?

Ó ní, "Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ẹ ó ní ó ti kú, kí n lọ wá ẹ̀gbọ́n mìíràn."

Ẹ̀rín pa wá. Ó pa wá débi tí alámùúlégbé fi kan ògiri. Gègé fi ẹkún mọ́ ọn. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Gègé di ìka mi mú lọ síbi tó yẹ. Sẹ́tìn. Síìmù. Ìkejì. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́: ogójì ṣì kù nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n pè! Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀. Mo gbé e kó tó dún tán.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Agogo méje àárọ̀, kí n má jẹun. Nọ́ọ̀sì ní wọn yóò fi aṣọ di ojú mi, ọjọ́ kejì ni wọn yóò tú u, nítorí náà ta ni yóò máa mú mi lọ́wọ́? Kí n fún un ní nọ́ńbà ẹni náà.

Mo na ọwọ́ sí Gègé. Ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ ní méjì méjì, èmi ń tún un sọ tẹ̀lé e bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní mo fo ọ̀kan. Mo tún un sọ.

Lẹ́yìn tí mo pa fóònù ni mo sọ èyí tó wà nínú mi. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé láti ọdún méjì yìí, ojú rẹ̀ ti di ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Èmi ò rí i. Ojú mi ti bàjẹ́ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá tú aṣọ yẹn, òun ni yóò wà níwájú mi.

Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni.

Ó ní òun kì í wo dígí mọ́.

Mo ní kó dúró sún mọ́ mi lọ́jọ́ náà. N ó wò ó fún àwa méjèèjì.