Tábìlì Kẹta Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọ̀gá Wàsíù

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Kejì,
                                        Lokogoma,
                                        Abuja.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Gàníyátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Hafeez ńkọ́? Hafeez fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín tó ń mì nígbà tí o pè mí kẹ́yìn ti yọ? Mo kí màmá yín tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gbọ́ pé orúnkún tún ń dùn wọ́n, Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ń sùn dáadáa? Bí o bá ń sùn, bá mi sùn kún un, nítorí oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn.

Má rò pé àìsàn ni o. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò jókòó. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná. Akin ẹ̀gbọ́n mi, tó fi ọdún kan péré jù mí lọ, ní tí mo bá tún kọjá níwájú tẹlifíṣọ̀n òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á so mí mọ́ àga. Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà ní mo tún ti ń sọ̀rọ̀ wéréwéré.

O mọ̀ pé ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ń kọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Wàsíù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ṣe àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ní Kugbo. Oṣù Kejìlá yìí ló yẹ kí n ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Òfin iṣẹ́ wa sì ni pé ọmọṣẹ́ kì í gba iṣẹ́ ti ara rẹ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi gbé ọwọ́ lé e lórí, tí yóò ṣàdúrà fún un lójú ẹgbẹ́. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá ṣàdúrà fún, kò sí ẹni tí yóò fún un ní àyè tó lè gba pákó kan ní gbogbo Kugbo. Áḿbọ̀sìbọ́sí èmi, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, tí àwọn kan ṣì ń bi títí dòní pé kí ni mo gbé wá tà.

Èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán kí àwọn yòókù tó gé igi. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ní, ojú rẹ̀ sì máa ń kún rẹpẹtẹ: àwòrán níhìn-ín, ìwọ̀n lọ́hùn-ún, Wásáàpù láàárín. Bí mo bá ń wá bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò yọjú. Akin ló kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Ó ní nínú kọ̀ǹpútà kan náà, mo lè tẹ́ tábìlì mẹ́ta, mẹ́rin, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí tirẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni n ó tẹ̀ pọ̀, tábìlì kan á sún kúrò lójú mi, òmíràn á wọlé. Bí mo bá padà sí ti àkọ́kọ́, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe bá a. Gàní, mo fò sókè! Mo fi tábìlì kìíní sí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, mo fi èkejì sí iṣẹ́ Ọ̀gá.

Ẹ̀kẹta ni wàhálà. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, Hajia Ummulkhulthum, oníbàárà Ọ̀gá kan láti Jahi, pè mí. Bí Hajia ò bá tíì kí ọ ní "sannu" lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, èmi gan-an ni kí n sì ṣe é, láti orí àwòrán dórí ìṣó. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ fún Ọ̀gá. Ẹnu mi ní, "Yauwa, Hajia, ẹ ṣeun." N kò ní purọ́ fún ọ, ojúkòkòrò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi lè dá iṣẹ́ ṣe.

Bí mo ṣe tẹ́ tábìlì kẹta nìyẹn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí àwòrán náà: Iṣẹ́ Ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá. Láti ọjọ́ náà ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ti sá fún mi. Bí mo bá gbúròó bàtà Ọ̀gá, ìka mi ti tẹ bọ́tìnnì, mo ti wà lórí tábìlì wọn, mo ń wo bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé àtàárọ̀ ni mo ti ń wò ó. Wọ́n bá kọjá, mo tún padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń sá káàkiri inú kọ̀ǹpútà ara mi bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Ó wá di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá mú ọkùnrin kan tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, kí àlejò lè rí bẹ́ẹ̀dì tí a yà fún un. Bí ìka mi bá ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ ńkọ́? Mo bá pa tábìlì kẹta rẹ́ pátápátá. Lójú tèmi, ẹni tó bá gbé tábìlì sọnù ti gbé ohun tó wà lórí rẹ̀ sọnù pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ ni! Bí a bá pa tábìlì rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ẹrù orí rẹ̀ kì í sọnù. Ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń ṣí lọ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti Ọ̀gá ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo so okùn mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí àlejò wò ó. Kọ́bọ́ọ̀dù Hajia ló kún ara ògiri, orúkọ mi gàdàgbà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Hajia lórí Wásáàpù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń bi mí pé ọjọ́ wo ni mo máa wá wọn ilé ìdáná náà.

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ọ̀gá kà á látòkè délẹ̀, mo ń rí ètè wọn bó ṣe ń mì. Àlejò ní kọ́bọ́ọ̀dù yìí mà dára o, ta ló yà á? Ọ̀gá ní, "Ọmọ mi ló yà á." Wọ́n ní kí n ṣí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí àlejò lọ, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá mú rúlà wọn, wọ́n bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ wọn igi.

Wọn ò bú mi. Wọn ò lé mi. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ìyẹn ì bá ti tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn. Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. N kò lè jẹun, n kò lè dúró sójú kan. Mo wọn pákó kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún gé e kúrú. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń fa eruku igi símú, mo ti rò pé ó ti bọ́ sómi nìyẹn. Mo bẹ Akin pé kó sìn mí lọ bẹ̀ wọ́n, nítorí kò yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ dá nìkan lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a lọ sílé wọn ní Nyanya. Akin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀, ó bẹ̀, ó ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí, wọ́n ní kí a dìde. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Fẹ̀yìn, ta lo rò pé ó ní kí Hajia gbéṣẹ́ yẹn fún ẹ?"

Gàní, mo ní, "Hajia fúnra wọn ni, Ọ̀gá."

Ọ̀gá ní àwọn ni Hajia kọ́kọ́ pè, àwọn ló sì ní kó pè mí, pé iṣẹ́ náà ti tó mi í ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tiwọn ṣe fún wọn ní Ìsẹ́yìn kó tó dá wọn sílẹ̀. "Mo ṣáà ń retí ẹ láràárọ̀ pé wàá wá kúnlẹ̀, wàá ní, 'Ọ̀gá, wọ́n gbéṣẹ́ fún mi o, ẹ bá mi ṣàdúrà sí i.' Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi retí ẹ." Wọn ò pariwo. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé páálí kan jáde. Dírìlì tuntun ni, irú èyí tó ń lo bátìrì, tí ojú mi ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí Hajia pè wọ́n ni wọ́n ti rà á. Ọjọ́ tí mo bá wá ròyìn ni wọ́n fẹ́ gbé e fún mi.

Ẹkún gbé mi. Mo ní kí wọ́n ṣì bá mi fi pamọ́ títí n ó fi parí iṣẹ́ Hajia lójú wọn. Wọ́n ní kí n gbé e lọ jàre, pé ìyàwó àwọn ti ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, fírídọ̀ọ̀mù mi kò yẹ̀, àwọn á sì ṣàdúrà. Akin ń dúpẹ́, eyín rẹ̀ hàn síta. A ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ọ̀gá tó sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Fẹ̀yìn, ayọ̀ tó yẹ ká jọ yọ̀, mo ti dá a yọ̀ tán."

Akin ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí ló tún kù? Èmi mọ̀ pé kò parí. Ọjọ́ kẹrin rèé tí dírìlì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò tíì lè ṣí páálí rẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì rọra gbá Hafeez lórí lẹ́ẹ̀kan fún mi, ó mọ ohun tó ṣe. Lóṣù Kejìlá, mo bẹ̀ ọ́, má ṣàìwá. Kì í ṣe torí oúnjẹ. Bí Ọ̀gá bá gbé ọwọ́ lé mi lórí, èmi á ti dorí kodò lórí ìkúnlẹ̀, n kò ní lè rí wọn. Ìwọ ni kí o bá mi wo ojú wọn, kí o sì sọ ohun tí o bá rí níbẹ̀ fún mi, bó ti wù kó rí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò jókòó,
Fẹ̀yìntọlá.