Ọ̀nà Tí Àǹtí Kò Fẹ́ Kí N Rí

Bàámi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé níbi tí ẹ wà.

Ọmọ yín ti tún padà di ọmọ iléèwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti bímọ, ọmọ náà ti ń rìn tàgétàgé, síbẹ̀ mò ń gbé báàgì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́ kan ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí. Ìwé mi ò ní èèpo. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé mi, ẹ ó yí ojú funfun síta, ẹ ó fi abẹ tí ẹ fi ń fá irùngbọ̀n gé etí rẹ̀ kó gún. Ta ni yóò bá mi bò ó níbí?

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí ní Al Quoz. Fúláàtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí, la ń gbé ní Al Muteena. Àǹtí ní ọ́fíìsì kágò ní Naif. Òun ló ń bá àwọn oníṣòwò Èkó fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Èmi ló ń tẹ ìwé ẹrù fún un lọ́fẹ̀ẹ́, torí ìyàwó ilé ni mí. Lójú ayé, "wọ́n" ni mò ń pè é. Lọ́dọ̀ yín níbí, "ó" ni yóò máa jẹ́.

Òun ló mú mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ló ń mójú tó ọmọ bí mo bá lọ. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ títí. Nígbà náà, kálukú ń mú kíláàsì tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó ń sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Àǹtí ló ń mú tèmi: títẹ̀wé, Lárúbáwá ọjà, títẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọkọ ni gbogbo ẹbí ọkọ. Ìyàwó kì í bi wọ́n pé kí ló dé. N ò bi í.

Àfi ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yí ètò padà. Wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀: ọ̀nà ìṣirò owó, ọ̀nà iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀nà kọ̀ǹpútà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé dípúlómà tí yunifásítì lè fi gba èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó ti olùdámọ̀ràn, obìnrin ará Íńdíà kan, kó yan tirẹ̀. Àǹtí tẹ̀ lé mi lọ, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wá ná ọjà.

"Madam, put am for typing. Na my wife be this."

Obìnrin náà wò mí, ó wo Àǹtí. Ó wá fi ìwé mi hàn mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: gbogbo kíláàsì tí mo ti ṣe látọjọ́ yìí, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn dúró sí. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ dà. Bàámi, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti kú.

Mo dáhùn: "Accounts."

Inú takisí ni Àǹtí ti tú u jáde. "Ìyàwó, o mà gbọ́n o! Accountant wa! Tóo bá gba dípúlómà, ta ni yóò máa tẹ ìwé ẹrù mi? O rò pé n ò mọ ohun tí mò ń ṣe ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Kò sí ìbínú. Khalas, ó parí. Wá ẹni tí yóò máa gbé ọmọ ẹ."

Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa yí po bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Ọjọ́ tí kíláàsì ìṣirò bẹ̀rẹ̀, ẹrù Kérésìmesì kún ọ́fíìsì rẹ̀ dé àjà. Mo gbé ọmọ fún obìnrin Fílípìnì kan tó ń gbé lókè wa, mo wọ bọ́ọ̀sì Sharjah. Àǹtí rán ọkọ mi sí mi. Ó bẹ̀ mí títí lórí fóònù pé kí n padà wá tẹ ìwé ẹrù. Mo ní kó lọ bá a tẹ̀ ẹ́. Ní kíláàsì, àyà mi ń já, torí ọmọ ń húkọ́ nígbà tí mo kúrò. Síbẹ̀ inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ro Àǹtí tó ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri. Ṣé ìkà ni mí, Bàámi?

Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Orúnkún nìkan ló ń kúnlẹ̀. Bí mo bá parí, iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ gan-an ni n ó ti ṣí tèmi, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa yà sọ́dọ̀ mi lójú ẹ̀. Mo mọ̀ yín, ẹ ó ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run á ṣe tirẹ̀. Èmi náà á ṣe tèmi.

Èsì kíláàsì àkọ́kọ́ ti jáde. Mo yege dáadáa. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríjì. Orúkọ ilé yín ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi, òun náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ sí i, gàdàgbà. Ọkọ mi ní kí n yọ ìwé náà lára fíríjì. N ò yọ ọ́. Ooru ti ń dé, ooru ìlú yìí kì í sì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ láìmu omi tútù. Ìgbàkígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ Àǹtí, yóò ka orúkọ yín kó tó mu.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.