Bàbá Yín Ti Tún Ọkọ̀ Ṣe, Tètè Máa Bọ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi? Olúwa tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó kò ní sùn. Àwa náà wà, ilé ò sì tíì kúrò níbi tí o fi í sí.

Mo dúpẹ́ fún ọkùnrin tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù bàbá yín, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tún ọkọ̀ ṣe nílé. Ọmọlúàbí ni. Gbogbo ìgbà tí bàbá yín bá ní kó tún un sọ ló ń tún un sọ láìfajúro, ohùn rẹ̀ sì ń dé ilé kejì, síbẹ̀ bàbá yín ní ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ sínú. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé mo kí i títí, kò dáhùn. Kó tó lọ, ó ní ká tẹ aago. Mo wá gbogbo ara ògiri, n ò rí aago kankan, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

O mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á wá kú. Ọkùnrin inú fóònù ní rọ́bà kan ló ti là tó ń fa afẹ́fẹ́ tí kò yẹ, pé tí wọ́n bá tẹ́tí, wọ́n á gbọ́ tó ń dún ṣíì. Bàbá yín tẹ́tí títí, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń dún. Èmi tí mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé sì gbọ́ ọ kedere, mo rò pé ejò ló wà níbẹ̀! Mo gbé abọ́ omi ọṣẹ, mo sáré dé, mo dà á lé e lórí. Ariwo dákẹ́, ẹ́ńjìnnì sì fara balẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bàbá yín ní ohun tí ọkùnrin yẹn ní káwọn ṣe gan-an nìyẹn, pé ibi tí omi ọṣẹ bá ti pa ariwo, ibẹ̀ ló ti là. Wọ́n gé orí rọ́bà tó là, wọ́n sì fi èyí tó kù bọ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe di mẹkáníìkì nìyẹn.

Ó wá ku sìlóò, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n ń yí kí ẹ́ńjìnnì má baà sáré jù tí ọkọ̀ bá dúró. Bàbá yín yí i, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, adìẹ sá, télọ̀ ilé kejì yọjú lójú fèrèsé, bàbá yín wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n gbọ́ bó ṣe ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tuntun. Mo dúró sẹ́yìn wọn, mo pè wọ́n, wọn ò yíjú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo bọ́ síwájú wọn, mo ń fi ọwọ́ júwe sísàlẹ̀, wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ, títí ó fi balẹ̀. Wọ́n ní etí tèmi ló ń gbọ́ràn jù.

Ọmọ mi, etí bàbá yín ti di, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n wá ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ti dáa, Sátidé làwọn máa wà á wá kí yín, lórí títì márosẹ̀ tí tírélà ń tẹ hóònù lẹ́yìn ẹni! Hóònù wo ni wọ́n fẹ́ gbọ́? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Jọ̀ọ́, tètè wá kí Sátidé tó pé. Mú owó dókítà elétí dání, kó o fi díẹ̀ kún un fún ọṣẹ mi tó ṣòfò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ohun tá a lè sọ fún wọn lórí fóònù, àgàgà ẹni tí ò gbọ́ fóònù. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nídìí ìró mi. Wọ́n ti ń wá a láti àárọ̀, wọ́n sì bi mí, mo sọ òótọ́ nítorí n kì í purọ́ fún ọkọ mi, mo ní ó wà nídìí ìró mi. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á tún wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Olúwa á mú ọ dé láyọ̀. Ní ọjọ́ alẹ́ rẹ, tí o bá pe ẹni tó o fẹ́ràn, á gbọ́, á sì dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ