Ìyàwó Yìnyín Tí A Gbé Gun Òkè Thalbrok

Abúlé Thalbrok,
Lẹ́yìn ìkórè.

Kaniz, ọmọ ọmọ mi, akọ̀wé ilé wa,

Mo kí ọ láti ẹ̀gbẹ́ ààrò, níbi tí mo jókòó sí tí mo ń yá iná. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ooru Lahore kò tíì yọ́ ọ bíi bọ́tà? Ní tiwa, a wà. Orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ẹnu mi nìkan ni kò dùn mí, ìyá àgbà rẹ sì ní ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ dáadáa.

Ìwé rẹ dé, àmọ́ a ti ṣe ìgbéyàwó yìnyín náà tán kó tó dé. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bàbá àgbà, yìnyín kò ní akọ, kò ní abo, kì í sì í bímọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi kó yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú Skardu." Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí n mu tíì mi tán nígbà tí o wà ní kékeré, àfi tí mo bá kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn iwin orí òkè.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé. Odò wa ti fà débi pé ewúrẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, pátákò rẹ̀ kì í tutù. Àwọn oko òkè tí a ti ń gbin ọkà báálì ti di òkúta. Bàbá rẹ wá nígbà ìkórè, ó rí ohun tí a kó wọlé, ó lọ dúró lábẹ́ àwọn igi àpríkọ́ọ̀tì wa, ó ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Mo máa kó yín lọ, kí a ta igi wọ̀nyí fún àwọn tó ń wá igi ìdáná." Kò fi ṣeré rárá. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, igi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn àgbà jókòó, tí wọ́n ní a máa ṣe bí àwọn bàbá wa ti ṣe: a máa gbé akọ yìnyín àti abo yìnyín fún ara wọn nínú ihò àpáta tó wà lókè abúlé, kí wọ́n lè bí òkè yìnyín tí yóò máa bọ́ odò wa.

Akọ, èyí tó dúdú tí òkúta kún ara rẹ̀, a ní in. Ìyàwó ló kù. Abúlé Hurkas ni yìnyín funfun tó jẹ́ abo wà, ìwọ náà sì mọ̀ pé a kò kí ará Hurkas láti ìgbà ìjà ojú omi yẹn. Àmọ́ ta ló máa gbéyàwó tí kò ní dé ilé àna? A lọ, a ṣí fìlà. Haji Muksin tó jẹ́ àgbà wọn wò wá títí, ó ní, "Ọmọ wa kò mọ ilé tó gbóná o. Ibo lẹ máa fi í sí?" Fida ọ̀rẹ́ mi nàka sí mi, ó dáhùn pé, "Inú ihò tí oòrùn kò dé rí ni. Rozi yìí ló gbóná jù nínú gbogbo wa, a ò sì ní jẹ́ kó sún mọ́ ọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíì fi dé. Bí a ṣe ń mu tíì yẹn ni ìjà parí.

Òfin gbígbé ìyàwó yìí ni pé ẹni tó bá ru ẹrù kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹrù kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí dé ihò. Tí ìyàwó bá gbọ́ ohùn ènìyàn lọ́nà, ó máa yíjú padà sílé bàbá rẹ̀. Fida tún dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Rozi sílẹ̀ sílé. Kí ẹ tó dé òkè, tọkọtaya yìí á ti kọ ara wọn sílẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀." Mo ní mò ń lọ, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé ìyanu ṣì wà láyé. Bàbá rẹ ní òun náà ń bọ̀. "Orúnkún yín ni mò ń tẹ̀ lé o, Bàbá. Ẹ má rò pé mo gba ìtàn yìí gbọ́." Síbẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan kọ́ ẹ̀yìn, nítorí ọwọ́ kò tó.

Kaniz, mo jìyà. Bí a ṣe gun òkè àkọ́kọ́ báyìí, ṣòkòtò Fida ya nídìí, iwájú mi gan-an ló sì ń rìn títí di ọ̀sán. Ọlọ́run rí mi. N kò sọ nǹkan kan.

Níbi tí ọ̀nà ti há mọ́ ara àpáta, òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ṣubú lórí orúnkún, ẹsẹ̀ mi kan wà ní gbangba òfurufú. Ẹ̀yìn mi ni bàbá rẹ wà, yìnyín funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni ì bá fi gbá mi mú. Ká ní ó kígbe, àwọn tó wà níwájú ì bá sáré padà. Ọwọ́ kan ló fi di àpáta mú, ó fi èkejì gbá ọrùn ẹ̀wù mi, ó ń fà mí bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti gé ètè ara rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ohùn kò jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì jáde lẹ́nu èmi náà. A wo ara wa, a sì ń lọ.

A tẹ́ tọkọtaya náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ihò, a fi èédú àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, a da omi abúlé méjèèjì lé wọn, a fi òkúta dí ẹnu ihò. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó tú. Mo kọ́kọ́ bá Fida sọ ti ṣòkòtò rẹ̀, kí n má baà bẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi bàbá rẹ pé, "Kazim, ìwọ tí o ní o kò gbà á gbọ́, kí ló dé tí o kò pariwo?" Ó nu ẹnu. "Bàbá, gbogbo ènìyàn ti gbé e jìnnà débẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá lé ìyàwó padà ni?"

Ọmọ mi, ó lè jẹ́ pé òótọ́ lo sọ, pé omi tó dì lásán ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa ru omi tó dì gba ojú àpáta yẹn? Ta ló máa ṣí fìlà ní Hurkas nítorí rẹ̀? Ìyàwó ni a gbé, ìdí nìyẹn tí a fi dé. Ìtàn yẹn ti ń ṣiṣẹ́ fún wa kí ẹ̀kán omi kan tó jáde. Tí o bá kàwé tán, wá fi irin iṣẹ́ rẹ wọn yìnyín náà. Àmọ́ àna lo jẹ́ o, má wá lọ́wọ́ òfo.

Ó máa pẹ́ kí ìyàwó wa tó bímọ, ó sì lè má ṣojú mi. Ọkàn mi balẹ̀. Odò tí mo mu dàgbà, àwọn tó ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ti kú kí n tó dáyé.

Bàbá rẹ kò dárúkọ igi títà mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó máa padà sí Skardu, mo bá a ní oko òkè pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó ń kó òkúta kúrò nínú ojú omi tó ti gbẹ. Mo ní kí ló ń ṣe níbi tí kò sí omi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, kí ọmọ tó dé, ṣé a kì í tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ ni?"

Kí Ọlọ́run ṣí ọ lójú sí ohun tí ò ń kọ́, kó sì fi ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀. Wàá mu nínú omi yẹn, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni bàbá àgbà rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Rozi Ali.

Mo tún rántí: ètè bàbá rẹ ti jiná. Ó ń sọ fún àwọn ará Skardu pé egungun ẹran ló ṣe òun léṣe. Má já a nírọ́. Fida náà ní kí n sọ fún ọ pé òun ti ra ṣòkòtò tuntun.