Ìrẹ̀ Inú Etí Mi

Àtìní, 13 janvier 2025

Dókítà etí ní Cocody ti sọ̀rọ̀: kò sí oògùn rẹ̀. Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń fi ẹ̀rọ gé irin, tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn àti irin ojú fèrèsé ní Abobo, òun ló ba etí ọ̀tún mi jẹ́. Ariwo tí mò ń gbọ́ láti août, oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, kò ní lọ. Ìrẹ̀ ni mo sọ ọ́, nítorí bó ṣe ń ké nìyẹn, tọ̀sán tòru, kò mọ ìsinmi. Dókítà ní mo lè kọ́ bí mo ṣe máa bá a gbé. Ó darí mi sí kíláàsì kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré kan níbí, wọ́n ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ọkàn sójú kan. Ó ní kí n máa kọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ́ mi bá ṣe fún ara àti ọkàn mi. Ìdí tí mo fi ra ìwé yìí nìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Lùbàbà, ìyàwó mi, ti mú Ìkírámù, ọmọ wa, lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Yopougon. Ọmọ náà ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kó dín in kù. Ó dín in kù. Ìrẹ̀ kò dín. Mo fi òòlù fọ́ tẹlifíṣọ̀n náà lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Àlàmísì, 16 janvier

Èèyàn mẹ́fà, ẹní mẹ́fà. Tàńtí Fatimata ni olùkọ́ wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹ̀yà Jùlá ni, yóò tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. Ó ní ká jókòó, ká dijú, ká máa ka èémí: un, deux, títí dé dix, ìkẹwàá, ká tún bẹ̀rẹ̀. N kò tíì dé quatre, ìkẹrin, tí Ìrẹ̀ fi gba gbogbo orí mi. Mo dìde. Mo sọ fún un pé ẹ̀tàn ni. Kò bínú. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Sátidé, 18 janvier

Mo ka èémí lẹ́ẹ̀mẹta. Ara: èjìká rọ̀ díẹ̀. Ọkàn: inú ń bí mi ju tẹ́lẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè, 19 janvier

Mo pe Lùbàbà. Kò gbé e.

Àlàmísì, 23 janvier

Tòní yàtọ̀. A dùbúlẹ̀. Tàńtí ní ká fi ọkàn rin ara wa láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ sókè, ká má tún nǹkan kan ṣe, ká kàn mọ bó ṣe rí. Orúnkún ni mo dé. Híhanrun ara mi ló jí mi! Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín — ó ti pẹ́. Tàńtí ti fi aṣọ bò mí, n kò mọ̀. Ó ní oorun kọ́ là ń wá, ṣùgbọ́n òun kì í jí ẹni tó ti rẹ̀.

Àtìní, 27 janvier

Láti ọjọ́ mẹ́rin, mò ń dùbúlẹ̀ ṣe é. Oorun wákàtí márùn-ún! Ẹ̀yìn tó ń dùn mí láti ọdún méjì ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí, Ìrẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì tún ń bà mí bákan náà. Ara gbà, ọkàn kò gbà. Èémí ńkọ́? Ó wúlò ní ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà bá ń yọ mí lẹ́nu: mo mí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu mi á dákẹ́. Daouda tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń pè mí ní marabout, ìyẹn àfáà.

Àlàmísì, 30 janvier

Rírìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá ògiri, gìgísẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀ — a dà bí ẹni tó ń jí adìyẹ gbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀! Nígbà tí mo délé, ebi gidi pa mí, mo jẹ àwo àtíéké méjì.

Mo tún rí nǹkan kan. Ẹnu ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ni Tàńtí máa ń wò. Nígbà tí àwọn yòókù lọ, mo bi í. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí ariwo ti wà létí òun náà. Etí méjèèjì. Bí irin tí wọ́n ń gé, kò dákẹ́ rí. Pẹ̀lú ariwo yẹn ló ń tọ́jú aláìsàn, pẹ̀lú rẹ̀ ló tọ́ ọmọ mẹ́rin, pẹ̀lú rẹ̀ ló sin ọkọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Tèmi kọ́ lẹ wá gbọ́."

Irú èèyàn wo nìyí?

Jímọ̀, 31 janvier

Ọdún mọ́kàndínlógún. Èmi, oṣù márùn-ún, mo ti gbé òòlù.

Àlàmísì, 6 février

Ó ní lónìí ká má sá fún ariwo kankan. Ọkọ̀ èrò gbaka tó ń fọn fèrè níta, ẹni tó ń gún nǹkan, ohùn tó wà nínú etí: ká gbọ́ ọ, ká jẹ́ kó kọjá. Ó wá jókòó tì mí. Ó ní kí n gbọ́ Ìrẹ̀ gan-an. Ṣé ọ̀kan ni àbí méjì? Ṣé ó ń lọ sókè àbí ó dúró? Òógùn bò mí. Mo gbọ́ ọ — ohùn mẹ́ta ni! Ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan bí omi tó ń hó, ọ̀kan jìnnà. Oṣù márùn-ún, n kò gbọ́ ọ rí. Ìjà ni mò ń bá a jà. Ara: ó tutù. Ọkàn — kí ni kí n pè é? Ìrẹ̀ kò kúrò o. Ẹ̀rù ló kúrò.

Sọ́ńdè, 9 février

Mo lọ sí Yopougon. Gbaka méjì. Ẹ̀gbọ́n Lùbàbà gbé àga fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò kí mi dáadáa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lùbàbà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ fẹ́ jáde lẹ́nu mi lọ́pọ̀ ìgbà — mo mí — ó padà sínú. Mo gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ó ní, "Bàbá Ìkírámù, tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló lé mi jáde. Ojú tí ẹ fi wo ọmọ yìí ni. Ẹ wò ó bí ẹni pé òun gan-an ni ariwo náà."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní òtítọ́ ni. Mo tún ohun tó sọ sọ fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ pé mo gbọ́. Kò ní òun ń bọ̀. Ó ní kí n jẹun kí n tó lọ.

Ìkírámù kò jáde sí mi.

Àlàmísì, 13 février

Mo bi Tàńtí pé èwo ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ka ìwé yìí fún un: èémí fún ẹnu mi, dídùbúlẹ̀ fún oorun àti ẹ̀yìn, rírìn fún ẹsẹ̀ àti ikùn, gbígbọ́ fún ẹ̀rù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ tán. Ó ní òun alára kì í lè dùbúlẹ̀ ṣe é. Láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹkún ló máa ń gbé òun bí òun bá dùbúlẹ̀. Rírìn nìkan ló bá òun lára mu. Mo ti rò pé gbogbo rẹ̀ ló rọrùn fún un. Ó tún ga sí i lójú mi.

Sátidé, 15 février

Lùbàbà ló pè. "À ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kan ni ká kọ́kọ́ fi wò ó." Mo gbá gbogbo ilé.

Sọ́ńdè, 16 février

Àpò kan péré ni wọ́n gbé wá. Ìkírámù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìyá rẹ̀ mú. Mo lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní ohun tí mo ṣe kò dáa, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ rárá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó mú ìwé rẹ̀ jáde. Ewì kan wà tó máa kà ní kíláàsì lọ́la. Ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó ń yọjú wò mí. Mo ní kó kà á bó ṣe máa kà á fún olùkọ́. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó kà á.

Ó bá dìde, ó ké e jáde! Ohùn rẹ̀ gún etí ọ̀tún mi, Ìrẹ̀ náà dìde, wọ́n jọ ń ké. N kò dijú. N kò ka èémí. Ojú ọmọ mi ni mò ń wò. Ó dé ìlà kẹrin, ó gbàgbé, ó ń wò mí.

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, orí itan mi ló jókòó sí kà á.